Ìbéèrè tí àwọn ọ̀gá aránṣọ Ẹ̀pẹ́ ń bi mí lórí ọmọ iṣẹ́, àti ohun tí mo ń dá wọn lóhùn

Aṣọ ni mo ń rán ní Ẹ̀pẹ́, mo sì ń gba ọmọ iṣẹ́. Bí ìpàdé ẹgbẹ́ àwa aránṣọ bá parí, tí akápò ti gba owó tó fẹ́ gbà, ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló máa ń kù sílẹ̀: tọ̀hún kò gbọ́ràn, èyí ti sá lọ sí Èkó, òmíràn ti fi áyọ́ọ̀nù jó léèsì oníléèsì. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìbéèrè yìí ti wá. Àwọn òbí ló bi mí ní díẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ náà sì ń bi mí nígbà tí ọ̀gá wọn ò bá sí nítòsí. Bó bá jẹ́ irun lẹ ń ṣe, tàbí pákó lẹ ń kàn, tàbí ẹ jẹ́ tíṣà ní kíláàsì, ẹ fi iṣẹ́ yín rọ́pò aṣọ; púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì máa bá yín mu.

Iṣẹ́ mi dán mọ́rán, gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló mọ̀. Kí ló dé tí àwọn ọmọ tí mo kọ́ kò mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Torí pé iṣẹ́ méjì ni. Mímọ aṣọ rán jẹ́ ọ̀kan; mímọ bí a ṣe ń fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ jẹ́ òmíràn, a sì ní láti kọ́ òun náà lọ́tọ̀. Ohun tó mú un le ni pé bí ọwọ́ ẹni ṣe ń mọ iṣẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ẹni ń gbàgbé bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ bi ara yín wò: nígbà tí aṣọ bá ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́, ojú yín ń wo abẹ́rẹ́ ni àbí etí aṣọ? Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ní láti lọ jókòó sídìí máṣíìnì kí wọ́n tó lè dáhùn.

Ní 1990, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, Elizabeth Newton, ṣe ìdánwò kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Ó ní kí àwọn kan máa fi ìka lu orin tí gbogbo ayé mọ̀ lórí tábìlì, kí àwọn mìíràn tẹ́tí, kí wọ́n sọ orin tó jẹ́. Àwọn tó ń lù ú fọkàn balẹ̀ pé, nínú orin méjì, ọ̀kan á yé àwọn tó ń gbọ́. Orin 120 ni wọ́n lù. Mẹ́ta péré ni àwọn tó ń gbọ́ mọ̀. Ẹni tó ń lu tábìlì ń gbọ́ orin nínú orí ara rẹ̀. Kó-kó-kó lásán ló ń dé etí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀. (Ká ní gángan ni wọ́n fún wọn ni, ìyẹn ì bá tiẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀.) Bó ṣe ń rí nìyẹn nígbà tí ọ̀gá bá ń pariwo pé, “Ṣé o ò rí i ni? Yí i díẹ̀!” Orin wà lórí ọ̀gá. Kó-kó-kó ni ọmọ ń gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú nǹkan kékeré kan tó ń dà wá láàmú lójoojúmọ́. Ọmọ rán aṣọ, ó yí i padà, òwú ti ṣù jọ sábẹ́. Ọ̀gá ní, “Tún òwú ki.” Ọmọ tún un ki, ó tún ṣù jọ. Ọ̀gá fi ìbínú dìde, ó fa òwú yọ, ó ki í padà, máṣíìnì sì ń rán geere. Kí ni ọ̀gá ṣe tí ọmọ ò ṣe? Ó gbé ẹsẹ̀ máṣíìnì, irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, sókè kó tó ki òwú. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá wà nílẹ̀, irin pẹlẹbẹ méjì tó ń di òwú mú níbi tẹ́ńṣọ̀n á ti fẹnu kanra pa. Orí wọn ni òwú á kàn gùn, kò ní wọ àárín wọn, kò sì ní sí ohun tó ń fà á le láti òkè. Ìdí tó fi ń ṣù jọ nísàlẹ̀ nìyẹn. Ọmọ wá ń yí bọ́bììnì, èyí tó gbé òwú ìsàlẹ̀, síwá sẹ́yìn, torí ìsàlẹ̀ ni wàhálà ti fara hàn, bẹ́ẹ̀ òkè ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ò fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Ọwọ́ ọ̀gá ló ń gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹnu rẹ̀ ò sì mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ́ ọmọ ní ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ dá nìkan ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ máa sọ gbogbo ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe jáde, títí kan èyí tó bá ń tì yín lójú láti sọ. Èyí tó ń tì yín lójú láti sọ yẹn gan-an ni ọmọ ò mọ̀.

Ṣé kí n máa ṣàlàyé ni, àbí kó kàn máa wò mí?

Wíwò ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, mi ò sì kóyán rẹ̀ kéré. Àmọ́ ẹni tí kò mọ ibi tó yẹ kó wò, gbogbo ara ọ̀gá ló ń wò, títí dé gèlè. Ẹ sọ ibi kan ṣoṣo fún un: “Lónìí, ìka ọwọ́ òsì mi nìkan ni kí o máa wò.” Lẹ́yìn náà, kó tó fọwọ́ kan aṣọ, ẹ ní kó sọ ohun tó rí. Ẹ óò gbọ́ ohun tí á yà yín lẹ́nu. Ọmọ lè wo ọ̀gá fún odidi oṣù, kó máa rò pé ńṣe ni ọ̀gá ń fa aṣọ láti ẹ̀yìn, nígbà tó jẹ́ pé eyín irin tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì ló ń gbé aṣọ lọ, tí ọwọ́ kàn ń tọ́ ọ sọ́nà. Ọmọ tó bá gba ìyẹn gbọ́ á máa fa aṣọ, abẹ́rẹ́ á máa kán, ẹ̀yin náà á máa bú u pé ọwọ́ rẹ̀ le.

Bó bá ti wá ń ṣe é, ẹ kúrò lórí rẹ̀. Ẹ lọ lọ aṣọ.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tuntun?

Láti ìparí aṣọ. Jean Lave, onímọ̀ nípa àṣà àti ìgbé ayé ẹ̀dá láti Amẹ́ríkà, lọ bá àwọn aránṣọ Vai àti Gola gbé ní Monrovia, ní Làìbéríà, láàárín àwọn ọdún 1970. Ó rí i pé bọ́tìnnì fífi sí àti etí aṣọ kíká ni ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀ kọ́kọ́ ń ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ló ń rán ohun tí ọ̀gá ti gé. Gígé ló kẹ́yìn. Fìlà àti aṣọ ọmọdé ló ṣáájú, kóòtù wà lókè pátápátá. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ọmọ tó ń fi bọ́tìnnì sí ẹ̀wù ti ń rí bí ẹ̀wù tó parí ṣe ń rí. Ó ti mọ ibi tó yẹ kí ọrùn dé kí wọ́n tó ní kó gé ọrùn. Bó bá sì ṣi í ṣe, ẹ̀ẹ tú bọ́tìnnì, aṣọ oníbàárà ò bàjẹ́.

Lọ́dọ̀ mi, ìwé ni ọmọ kọ́kọ́ ń rán. A ó yọ òwú kúrò lójú abẹ́rẹ́, a ó fún un ní ewé ìwé oníláìnì tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, kó máa tọ ìlà rẹ̀ títí ihò abẹ́rẹ́ á fi dúró sórí ìlà. Ohun tó ń kọ́ níbẹ̀ ni ẹsẹ̀: bí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ṣe ń lọ síwájú láìfò padà sẹ́yìn, bí a ṣe ń dúró síbi tí a fẹ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni ìlà oníkọ́nà, kó mọ bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú aṣọ, kí á gbé ẹsẹ̀ máṣíìnì sókè, kí á yí aṣọ. Bí ẹ bá bá mi lójú ọ̀nà, mo lè sọ̀rọ̀ ìwé oníláìnì yìí títí ilẹ̀ á fi ṣú, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń sáré kọjá. Òbí rí ọmọ tó ń rán ìwé, ó ní a ń fi àkókò ọmọ òun ṣòfò, ojú ti ọ̀gá, ó sáré gbé àǹkárá fún un.

Ìró ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà bùbá. Bùbá dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ìlà tààrà ló pọ̀ nínú rẹ̀, a sì máa ń rán apá rẹ̀ mọ́ ara nígbà tí aṣọ ṣì tẹ́ sílẹ̀, kí a tó pa ẹ̀gbẹ́ dé. Apá kaba òyìnbó yàtọ̀ sí i: orí apá yẹn máa ń gùn díẹ̀ ju ihò tó fẹ́ wọ̀ lọ, ọmọ sì ní láti pín àlékún yẹn yíká láìjẹ́ kó ṣù jọ. Ẹ má fún ọmọ ní ìyẹn títí dìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ á fi rọ̀.

Ọmọ iṣẹ́ mi ò mọ téèpù kà. Ṣé kì í ṣe pé kò gbọ́n?

Rárá o. Ó mọ nọ́ńbà, àmọ́ àwọn ìlà kéékèèké tó wà láàárín íǹṣì kan sí èkejì ni kò yé e. Bí a bá ní kó wọ̀n, á ní “ogún lé díẹ̀”. Díẹ̀ yẹn ló ń mú kí ẹ̀wù fún. Ẹ gé ìwé tó gùn tó íǹṣì kan fún un, kó ká a sí méjì, kó tún ká a, kó tún ká a. Bó bá tú u, ó ti rí ìdá mẹ́jọ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù.

Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú, bó bá jẹ́ Yorùbá ló gbọ́. Mo ń rí àwọn ọ̀gá tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti fẹ́ kọ́ni báyìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa gbé jáde, torí kí ṣọ́ọ̀bù lè dà bíi tàwọn ará Lẹ́kì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní 1970: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6 gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín àwọn yòókù. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 3 lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ìṣirò, á rí bẹ́ẹ̀ fún kọ́là.

Mo máa ń tètè bínú. Ṣé ìwà ni, àbí ó ṣe é yí padà?

Ó ṣe é yí padà, ibi tí ẹ ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ni ìwé tí ẹ fi ń gba iṣẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ń retí pé kí n ní ẹ máa ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹ fetí sílẹ̀ ná.

Ìgbà wo lẹ máa ń bínú? Ọ̀pọ̀ wa ò kì í bínú ní Mọ́ńdè. Fúráìdé ni, nígbà tí ìnáwó wà ní Sátidé. Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni. Ọ̀sẹ̀ Kayokayo ni, àjọ̀dún tí àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí bí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe tẹ̀dó síbí lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò l'Ékòó ní 1851: gbogbo ìdílé ló fẹ́ wọ aṣọ ẹbí, gbogbo wọn ló sì mú aṣọ wá lọ́jọ́ tó kù dẹ̀dẹ̀. Ẹ gba aṣọ tó ju agbára yín lọ, oorun ò kun yín, iná ò sí, oníbàárà ń pe fóònù, ọmọ wá gé apá ẹ̀wù kúrú. Ọmọ yẹn ló jẹ gbogbo rẹ̀. Ẹ dá ọjọ́ kan tí ẹ ò ní gba aṣọ mọ́ kí ọdún tó dé, ẹ kọ ọ́ sára ògiri, ẹ má yẹ̀ ẹ́, kódà bí ìyàwó alága bá dé. Ní ọ̀sẹ̀ ọdún, ẹ má kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan tuntun. Kí àwọn ọmọ fi bọ́tìnnì sí aṣọ, kí wọ́n ká etí, kí wọ́n lọ̀ ọ́.

Bí aṣọ bá wá bàjẹ́ náà ńkọ́? Gbólóhùn kan péré ni mo kọ́ ara mi láti máa kọ́kọ́ sọ: “Fi bí o ṣe ṣe é hàn mí.” Mi ò ní sọ òmíràn títí ọmọ á fi ṣe é tán lórí bébà. Gbólóhùn yẹn ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀: ó ń jẹ́ kí n rí ibi tí nǹkan ti wọ́, ó sì ń fún ẹ̀jẹ̀ mi láyè láti rọlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì sí apá ọ̀tún. Ó wọ́pọ̀, ó gbé pátánù lé aṣọ lẹ́ẹ̀mejì láì dojú aṣọ kọ ojú aṣọ. Bó bá jẹ́ àǹkárá ni, ẹ fọkàn balẹ̀, torí àǹkárá gidi, àwọ̀ rẹ̀ ń hàn lójú àti lẹ́yìn. Ẹ yí ẹsẹ̀ kan padà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bó bá jẹ́ aṣọ olójú kan ni, ẹ ní láti wá aṣọ kún un. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wá ọ̀nà àbáyọ. Títún nǹkan tó bàjẹ́ ṣe wà lára iṣẹ́, ó tiẹ̀ ju ìdajì rẹ̀ lọ lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń gba fíríídọ́ọ̀mù láìtíì rí i rí, torí pé gbogbo ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ ni wọ́n ń lé wọn síta.

Àwọn àgbà ní àgbà tí kò bínú ni ọmọ rẹ̀ ń pọ̀. Ẹ ka iye ọmọ tó ti kúrò lọ́dọ̀ yín láìdágbére.

Ta ló máa san owó aṣọ tó bàjẹ́?

Ọ̀gá ni. Ẹ̀yin lẹ gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ̀yin lẹ gbé e fún ọmọ. Bí ọmọ bá fi fóònù dí ara rẹ̀ lọ́wọ́ títí aṣọ fi jó, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí ẹ̀yin àti òbí rẹ̀ tó fọwọ́ sí i.

Wọ́n nà wá kí a tó mọṣẹ́. Kí ló dé tí n kò lè na ọmọ iṣẹ́ tèmi?

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti orílẹ̀-èdè yìí jáde ní 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ fi òfin sílẹ̀. Ọmọ tó ń bẹ̀rù ọwọ́ yín á máa wo ọwọ́ yín, kò ní wo abẹ́rẹ́. Bó bá ṣi nǹkan ṣe, á tọ́jú rẹ̀ sínú àpò àlòkù títí oníbàárà á fi dé.

Ṣé ó burú kí ọmọ iṣẹ́ máa pọnmi, kó máa gbálẹ̀?

Kó gbá ṣọ́ọ̀bù, kó fi òróró sí máṣíìnì, kó fi mágínẹ́ẹ̀tì kó àwọn pín-ìn-nì tó bọ́ sílẹ̀: iṣẹ́ ni gbogbo ìyẹn, ọwọ́ ẹni tó bá sì ń tọ́jú irinṣẹ́ ló ń mọ̀ ọ́n. Àmọ́ aṣọ iléèwé àwọn ọmọ yín, àgbo ìyá yín, àti lílọ ra ẹja lọ́jà Olúwo kò sí nínú ohun tí òbí rẹ̀ sanwó fún. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i o, ó sì ti dá ìjà sílẹ̀ ní ìpàdé.

Ọdún mélòó ló yẹ kó lò?

Ẹ̀yin àti òbí lẹ máa ṣàdéhùn ìyẹn, ọdún nìkan ò sì ní sọ yín di ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ẹni tó bá fi wákàtí 10,000 ṣe nǹkan á di ọ̀gá. Ìwádìí tí Anders Ericsson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí àwọn tó ń ta gòjé òyìnbó ní Berlin, tí wọ́n gbé jáde ní 1993, ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Wọ́n ṣírò pé àwọn tó dáńtọ́ jù níbẹ̀ ti fi iye wákàtí bẹ́ẹ̀ dánra wò nígbà tí wọ́n fi máa pé ọmọ ogún ọdún. Ṣùgbọ́n irú ìdánrawò tí wọ́n ń sọ ni èyí tó dojú kọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó, tí ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń sọ fún ọ pé ibí ni, tún un ṣe. Ọmọ tó ń pa ẹ̀gbẹ́ ìró dé fún ọdún mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ ìró ló mọ̀.

Ẹ máa bi ara yín lóṣooṣù: kí ni ọmọ yìí ò lè ṣe ní oṣù tó kọjá tó lè ṣe báyìí? Bí kò bá sí, ẹ̀yin lẹ máa yí nǹkan padà.

Ṣé èmi tí mo ti di ọ̀gá tún ní láti máa kọ́ṣẹ́?

Ẹ gbọ́ ìtàn Làmídì Fákẹ́yẹ. Wọ́n bí i ní 1928 ní Ìlá-Ọ̀ràngún, sínú ìdílé tí wọ́n ti ń gbẹ́ igi láti ìran dé ìran, láti kékeré lòun náà sì ti ń gbẹ́gi. Síbẹ̀, ní 1949, nígbà tó ti lè fi iṣẹ́ náà jẹun, ó lọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fadá Kevin Carroll ti dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀, ó sì lọ jókòó lẹ́sẹ̀ Bándélé, agbẹ́gi, ọmọ Aréògún, fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ọmọ oníṣẹ́, tó mọṣẹ́, tún padà di ọmọ iṣẹ́. Òun náà ló wá ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì kárí ayé títí tó fi kú ní 2009.

Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn nítorí ohun kan: ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nǹkan tó nira ló máa ń rántí bí ó ṣe ń rí kí ọwọ́ ẹni má gbọ́ràn sí ẹni lẹ́nu. Ọ̀gá tí kò kọ́ nǹkan tuntun láti ìgbà tó ti gba fíríídọ́ọ̀mù ti gbàgbé ìyẹn, kò sì sí bí á ṣe ní sùúrù fún ohun tó ti gbàgbé. Bí ẹ ò bá mọ agbádá rán, ẹ lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n, kódà bó bá kéré sí yín lọ́jọ́ orí. Ẹ tún máa ya àsìkò díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún aṣọ tí kò lólówó: ẹ rán kọ́là kan náà léraléra lórí aṣọ àlòkù, kí ẹ fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ wo èyí tí igun rẹ̀ mú jù, kí ẹ bi ara yín léèrè ohun tó fà á. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí yín níbi tí ẹ ti ń tú èyí tí kò dára.

Àwọn ọmọ ń wo bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ lórí fóònù. Ṣé kí n fòfin dè é?

Kí lẹ máa fi dè é? Ẹ ní kí wọ́n mú fídíò náà wá, kí wọ́n gé e lórí bébà níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Bó bá jáde, ẹ ti kọ́ nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá jáde, wọ́n á rí i fúnra wọn pé fídíò ò lè rí ọwọ́ ẹni tó ń wò ó. Ẹ̀yin lè rí i. Ìyẹn nìkan lẹ fi jù ú lọ, ó sì pọ̀ tó.

Ọmọ iṣẹ́ ni mí. Ọ̀gá mi kì í kọ́ mi, iṣẹ́ nìkan ló ń bẹ̀ mí. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ mi, má bi í léèrè ní ọ̀sán nígbà tí oníbàárà wà níbẹ̀. Dúró di ìrọ̀lẹ́, bá a kó aṣọ sínú, kí o wá kúnlẹ̀ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, èyí tí a lè fọwọ́ kàn: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lẹ ṣe mọ ibi tí ẹ ó gbé sípù yìí dúró sí?” Má ní “Ẹ kọ́ mi ní sípù”, ìyẹn tóbi jù fún ẹni tó ti rẹ̀. Ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́, kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó rí i pé ò ń kọ ọ́. Ọ̀gá tó bá rí i pé wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀ á tún sọ òmíràn.

Ìwé ẹ̀rí ńkọ́?

Fíríídọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ dára, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ tó bá lè ṣe é lọ jókòó fún ìdánwò oníṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba pẹ̀lú. Odòmọlà nítòsí wa níbí ní iléèwé iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba. Òbí tó bá ń ṣiyèméjì láàárín iléèwé àti ṣọ́ọ̀bù lè lọ wádìí níbẹ̀ kó tó pinnu. Mi ò rò pé ọ̀kan pa èkejì.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kíkọ́ni mi ń dára sí i?

Ẹ ra ìwé kan. Bí ọmọ bá ṣi nǹkan ṣe, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó ṣì ṣe, kó má ju ìlà kan lọ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ jókòó kà á. Àṣìṣe tó jẹ́ ti ọmọ kan ṣoṣo, ti ọmọ yẹn ni. Ẹ bá a wí, ẹ bá a tún un ṣe. Àmọ́ bí àwọn ọmọ tí kò jọ wọlé pọ̀, tí ìwà wọn ò jọra, bá ń ṣe àṣìṣe kan náà, ẹ̀yin lẹ ni ín. Bí gbogbo wọn bá ń na ọrùn bùbá nígbà tí wọ́n ń yí i sínú, a jẹ́ pé bí ẹ ṣe ń fi ọrùn bùbá hàn wọ́n ló mẹ́hẹ. Ó ṣeé ṣe kí ẹ máa dì í mú jẹ́jẹ́ kí ó má bàa nà, kí ẹ má sì sọ ọ́ rí, torí ẹ ò mọ̀ pé ẹ ń ṣe é. Ẹ yí bí ẹ ṣe ń fi í hàn padà, kí ẹ wo ìwé yẹn lẹ́yìn ọmọ tó bá tún wọlé.

Ìwé yẹn ń dunni láti kà. Ẹ kà á náà.

Ṣé kí n kọ́ wọn ní gbogbo rẹ̀ tán? Bí wọ́n bá lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ọ̀kánkán mi ńkọ́?

Ẹ kọ́ wọn tán. Mo mọ àwọn ọ̀gá tó ń lé ọmọ jáde nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gé ìdí ṣòkòtò, kí ọmọ má bàa mọ bí wọ́n ṣe ń rí ìwọ̀n rẹ̀. Ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ jáde ni pé ọmọ á gba fíríídọ́ọ̀mù, ṣòkòtò tó bá rán á máa fa oníbàárà nídìí, wọ́n á bi í pé ọ̀dọ̀ ta lo ti kọ́ṣẹ́, á sì dárúkọ yín. Orúkọ yín nìyẹn tó ń kiri Ẹ̀pẹ́ nínú ṣòkòtò tó ń fúnni nídìí.

Ti ṣọ́ọ̀bù ọ̀kánkán, ẹ má kọ sínú àdéhùn pé kó jìnnà sí yín. Ta ló máa dúró ti àdéhùn yẹn? Oníbàárà tó fẹ́ràn ọwọ́ yín á dúró. Èyí tó bá tẹ̀ lé ọmọ náà lọ, owó ló ń wá, ì bá sì kúrò lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ kan ṣáá. Bí iṣẹ́ ọdún bá pọ̀ ju ọwọ́ yín lọ, ẹni tó wà ní ọ̀kánkán yẹn, tó ń gé aṣọ bí ẹ ṣe ń gé e, ni ẹ máa pín in fún.

Ṣé mo lè wá wo bí ẹ ṣe ń kọ́ wọn?

Ẹ máa bọ̀. Mọ́ńdè tàbí Túsìdeè ló dára, láàárọ̀, nígbà tí iná bá wà. Ẹ mú ìwé oníláìnì dání. Àwọn ọmọ ti lo tiwa tán.